Ìjókòó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fà Síwájú

Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣọ́ láyé yìí tó ìjókòó awakọ̀ inú mọ́tò ọkọ rẹ̀. Mọ́tò ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò kúkú jámọ́ nǹkan kan. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí àfi téèyàn bá fi ìdí tì í láti inú, fèrè rẹ̀ sì máa ń dún bí ewúrẹ́ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Bùọ̀dá wa, ìyẹn ọkọ rẹ̀, ti kú, bó ṣe fi ìjókòó yẹn sílẹ̀ ló ṣe wà. Ó fà á sẹ́yìn dé òpin, torí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gùn débi pé tó bá jókòó ní pálọ̀ tó nà án, ẹni tó bá ń lọ sí yàrá ní láti gbẹ́sẹ̀ ga bí ẹni tó ń sọdá gọ́tà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kò ga. Ká má pọ́n ọn lé, kúkúrú ni, òun náà sì mọ̀.

Iṣẹ́ kọ́tìnnì ló ń ṣe. Á lọ sílé oníbàárà, á gun àga, á wọn fèrèsé, á padà wálé wá rán an, á tún gbé e lọ tòun ti irin rẹ̀ láti lọ fi kọ́. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń wà á kiri. Irin á wà lórí mọ́tò, ìdì aṣọ á kún ẹ̀yìn, wọ́n á sì ti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ síwájú pátápátá kí ìdì aṣọ lè ráyè. Ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi máa ń wà, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nà gbọọrọ, ọ̀kan ká jọ, wọ́n á sì máa jiyàn láti ilé dé ibi iṣẹ́. Mi ò rí tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin kọ́tìnnì wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ó yíjú láti dá ẹni tó kí i lóhùn, irin tó wà léjìká rẹ̀ sì bá a yí. Orí kan irin ọ̀hún ṣí fìlà lórí bàbá kan, orí kejì gba inú okùn báàgì obìnrin kan wọlé, ó sì gbé báàgì náà kúrò léjìká rẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lólè. Ẹkún ló sun délé, bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń gbọ́ ìtàn náà, ẹ̀rín ló ń pa mí, mo sì ní láti sá lọ sẹ́yìn ilé.

"Àǹtí mi, ẹ lọ kọ́ mọ́tò," mo sọ fún un nígbà tí mo padà.

"Ta ló máa kọ́ mi? Lọ́jọ́ orí mi yìí?"

"Ọjọ́ orí yín kọ́ ló máa wà á."

Ẹ má bínú, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá lo ayé rẹ̀ láàárín àwọn tó ń rọbí kì í mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkùnrin, ń gbé nílùú mìíràn, òun náà sì ní èrò tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ta mọ́tò yẹn kí aláǹgbá tó gbà á lọ́wọ́ yín." Kì í ṣe ọmọ burúkú. Àwọn ọmọ òde òní ni wọ́n rí bẹ́ẹ̀, tí nǹkan kò bá ti rìn, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi bá a ṣàdéhùn. Tóun bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kí ọdún tó parí, mọ́tò dúró sílé. Tóun ò bá rí i gbà, kó mú ẹni tó máa rà á wá. Tìgbéragatìgbéraga ló fi sọ ọ́. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó jókòó, ó di orí mú.

"Kí ni mo fẹnu ara mi sọ yìí?"

Bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn, torí pé "jẹ́jẹ́" ni ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó wà létòlétò ni, irun rẹ̀ ti funfun, ojú ló sì fi ń rẹ́rìn-ín ju ẹnu lọ. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti mọ̀ pé kò ní ìyàwó nílé. Apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì náà ní ìlà áyọ́ọ̀nù kan, apá òsì ní mẹ́ta. Mo bi í, ó sì ní lóòótọ́, ìyàwó òun ti kú, ó ti ṣe díẹ̀.

Pápá kan tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì tí wọ́n ti tì pa ló ti ń kọ́ni. Ó to àwọn àgbá òfìfo síbẹ̀, àárín wọn lakẹ́kọ̀ọ́ máa gbà. Mọ́tò rẹ̀ ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, kó lè dá ọkọ̀ dúró bí ewu bá dé. Ṣùgbọ́n kì í lò ó nínú pápá. Ó ní ẹni tí kò bá kọlu àgbá rí kò lè mọyì bíréèkì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọlu àgbá, kò sí àgbá kan níbẹ̀ tí ara rẹ̀ dọ́gba mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò fara kan ọ̀kan rí.

"Ẹ̀bùn ni," Tíṣà máa ń wí. "Àtọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni."

Ó yẹ kí n ti fura láti ìgbà náà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èmi ni mò ń jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n máa tẹ̀ lé òun kí ayé má baà sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ayé kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà nínú pápá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì wa ibi tó tó gígùn pálọ̀ wa tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, Mọ́mì," Tíṣà wí.

"Èmi kọ́ ni mo bí yín."

"Ẹ má bínú. Jẹ́jẹ́, Màdáámù."

"Ṣé ọ́fíìsì la wà ni?"

Tíṣà rò ó títí. "Jẹ́jẹ́ … ẹ̀yin."

Ó di "ẹ̀yin" látìgbà náà. Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń pe "ẹ̀yin", bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ ọ̀run tí wọ́n tún ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn, mo sì ń wo ọrùn ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń nà sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé aṣọ méjì péré ló ń pààrọ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú dígí kó tó lọ kọ́ mọ́tò. Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ẹ̀kọ́ tuntun kí ìkẹ́kọ̀ọ́ má baà parí. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró fún adìyẹ tó ń sọdá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró fún adìyẹ tí kò tíì pinnu.

Lọ́jọ́ kan ló dédé sọ pé fèrèsé ilé òun kò ní kọ́tìnnì.

"Láti ìgbà wo?" Ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́tò dúró. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kò fi ṣeré.

"Ó ti pẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ gbó, ó já. Oòrùn ló ń jí mi."

"Mà á wá wọ̀n ọ́n."

Ṣùgbọ́n kò lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rán an létí, á ní àyè ò sí, bẹ́ẹ̀ ó ń lọ wọn fèrèsé àwọn tí kò tilẹ̀ tíì san owó iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Olùdánwò jẹ́ obìnrin kan tó sanra dáadáa, tó wọ awò dúdú, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi bá a wọ mọ́tò Tíṣà, èmi àti Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra wà á, ó yí ọwọ́ bó ṣe yẹ, inú mi dùn. Ó dé ibi àmì ìdúró, ó kọjá. Kò tilẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìtìjú, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ, ó dájú lójú rẹ̀ pé òun ti dúró. Olùdánwò ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa bíréèkì ọwọ́.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹsẹ̀ wà fún?" ó bi í.

"Mo tẹ̀ ẹ́! Bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ náà ni mo tẹ̀ ẹ́!"

Ó fìdí rẹmi. Ó padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọjá àmì kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù kí ọdún tó parí. Ọmọ rẹ̀ sì pè pé òun ti rí ẹni tó máa ra mọ́tò. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdánwò yẹn ni ẹni náà ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àṣírí tú. Oòrùn mú, mo sún kúrò lẹ́yìn Tíṣà bọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ojú ti lè tó ẹsẹ̀ Tíṣà. A ń sún mọ́ àgbá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá omi gbóná. Kó tó kàn án, Tíṣà ti tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Mọ́tò rọra dúró. "Ẹ̀bùn ni," Tíṣà wí.

"Ẹ̀bùn kí ni?" mo kígbe. "Tíṣà, ẹsẹ̀ ta ló dá mọ́tò yìí dúró?"

Ọkùnrin náà wo ìsàlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó bá ẹsẹ̀ àlejò nínú bàtà rẹ̀. "Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é."

"Ṣé ẹ máa ń bá àwọn yòókù tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àǹtí mi nìkan?"

Òógùn bò ó. "Tí ewu bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹsẹ̀ mi kì í dúró gba àṣẹ."

Èmi ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi tọrọ ìyàwó ni ọkùnrin yẹn sọ, kò kàn mọ̀ pé òun sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú dígí. Inú ti bí i kọjá ààlà.

"Ọkọ mi gbé mi kiri títí ó fi kú," ó wí. "Mi ò jiyàn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó kú, mi ò lè ti ojú ọ̀nà ilé wa dé títì láìjẹ́ pé mo fi irin kọ́tìnnì gbá ènìyàn. Mo wá sọ pé ó kéré tán, nǹkan kan wà tí mo ń fẹsẹ̀ ara mi ṣe. Àṣé ẹ̀yin lẹ tún ń bá mi ṣe é! Kí ni mo fi yàtọ̀? Kí ló dé tí èmi ò lè kọlu àgbá bíi ti gbogbo ènìyàn?"

"Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́ …"

"Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Èmi náà fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún mi láyè. Ó tẹ iná mọ́ mọ́tò, ó dojú kọ àgbá tó tóbi jù lọ, ó sì kọlù ú. Àgbá yí lọ gbirigbiri títí dé ẹsẹ̀ ògiri. Ó pa mọ́tò, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Tíṣà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Èmi ń sáré tẹ̀ lé e, mo di iwájú orí mú níbi tó ti gbá ẹ̀yìn àga.

Ó ní mọ́tò ọkọ òun lòun máa gbé lọ ṣe ìdánwò tó kù, kò sí bíréèkì olùkọ́ nínú rẹ̀. Mo ní ó dára, ká fa ìjókòó síwájú. Ó ní ọwọ́ tó bá kan ìjókòó yẹn, òun á gé e. Ó lọ kó tìmùtìmù tó fi àjákù aṣọ kọ́tìnnì rán, ó to mẹ́ta sẹ́yìn ara rẹ̀, ó wọ inú mọ́tò. Orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mẹkáníìkì ti bá wa fi bátìrì tuntun sí i, ó ṣíná, ó sì gbéra nínú ọgbà.

Kò sí ohun tó burú títí tó fi fẹ́ dúró. Bó ṣe na ẹsẹ̀ sí bíréèkì, tìmùtìmù yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rì sísàlẹ̀. Mi ò rí orí mọ́. Mọ́tò ń dá rìn lọ. Ó gba abẹ́ okùn tí a sá kọ́tìnnì oníbàárà sí, funfun, olójú wínníwínní, ó gbé e wọ̀, ó fà á tuuru kọjá níwájú mi bí ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ, ó lọ kan àgbá omi, ó sì kú. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Láti abẹ́ aṣọ ni mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé ó dúró?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé gèlè mi, mo gba pápá lọ. Tíṣà wà nínú mọ́tò rẹ̀, òun nìkan, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, ó ń wo àgbá.

"Wọ́n ti bínú sí mi," ó wí.

"Wọ́n bínú sí yín lóòótọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yín ò bá kàn kò ní rójú bínú. Ẹ dìde."

Nígbà tó dé ilé wa tó rí mọ́tò nínú aṣọ funfun, kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn, torí èmi ti rẹ́rìn-ín dé pápá. Ó ṣí aṣọ díẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì jókòó síbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀, ó di ìdarí mú. Tíṣà wo tìmùtìmù, ó wo ìjókòó tó fà lọ sẹ́yìn, ó wo ẹsẹ̀ kúkúrú ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo rẹ̀ sì yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Agboòrùn ìyàwó mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ó wí. "Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ síbẹ̀. Gbogbo òjò tó rọ̀ lẹ́yìn tó kú, abẹ́ agboòrùn yẹn ni mo ń gbà kọjá bọ́ sínú òjò."

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó. "Kí ló wá jẹ́ kí ẹ mú un?"

"Òtútù àyà. Dókítà ní tí n kò bá lọ mú agboòrùn, mà á lọ bá ẹni tó ni ín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi kó tó rí i dá dúró. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Tí mo bá fà á síwájú, kò ní sí ibì kankan mọ́ láyé tí àyè ẹsẹ̀ rẹ̀ wà," ó wí. Mo wo ilẹ̀.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án," Tíṣà wí. "Ọwọ́ yín ló tọ́ sí. Tẹ́ ò bá sì fẹ́, mà á wá ibi tá a ti máa rí mọ́tò mìíràn yá fún ìdánwò."

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ó fa irin ibẹ̀. Kò lọ. Ìpẹtà ti mú un. Ó tún fà á, kò lọ. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹ̀yìn ìjókòó, Tíṣà di ara ilẹ̀kùn mú, ó ń ta òróró sí i, mo sì gbàgbé ibi tí mo wà.

"Ẹ mí sínú! Ẹ tì í! Ẹ má dákẹ́, ó ti ń bọ̀! Mo ti ń rí i!"

Ó já lójijì. Ìjókòó sáré síwájú, àyà ẹ̀gbọ́n mi tẹ fèrè, ewúrẹ́ inú mọ́tò sì ké tó gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, a rí ohun tó wà nílẹ̀ níbi tí ìjókòó ti kúrò. Bébà súìtì ni. Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́wàá. Òkìtì ni, pupa, àwọ̀ ewé, aláwọ̀ wúrà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ká roboto tí wọ́n sì fi pamọ́.

Kí n ṣàlàyé. Dókítà ti fòfin de ṣúgà fún Bùọ̀dá wa. Ó sì búra, ó gbé ọwọ́ sáyà níwájú wa. Kì í ṣe ṣúgà ló pa á o, ojú oorun ni ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi náà fi fi ṣúgà sílẹ̀ kí àìjẹ rẹ̀ má baà dùn ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi mu tíì kíkorò, tó ń fajú ro, tó ń sọ pé ó dùn.

Ó bu bébà náà ní ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó wò ó.

"Òpùrọ́!" ó pariwo. "Ọkùnrin yìí! Èmi tí mò ń mu tíì bí àgbo! Ìwọ ń wà mí lọ síbi iṣẹ́, o ń lá súìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!" Ó bú u, ó bú ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn, ó bú ìran rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì da bébà ọ̀hún lé ara rẹ̀ lórí. Mi ò tíì gbọ́ kó bá ọkọ rẹ̀ jà látìgbà tó ti kú. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ti fẹ́ yá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó nu ojú, ó kọjú sí mi.

"Lọ bá mi po tíì. Fi ṣúgà mẹ́rin sí i."

Láti ọjọ́ kejì, Tíṣà ń wá kọ́ ọ nínú mọ́tò náà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ṣì wà níwájú bí ó ti wà láyé ìdì aṣọ, ọkùnrin náà sì ká sínú rẹ̀, orúnkún kan àgbọ̀n, kò ráhùn. Kó tó gbéra, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó nà án sí mi lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi mú un. Tí ẹsẹ̀ mi bá wà lásán, mà á mọ̀ ọ́n tó bá tún fẹ́ ṣe wèrè."

Ẹ̀gbọ́n mi kọlu àgbá. Ó kọlu igi ẹnu ọ̀nà wa, ó kọlu abọ́ ìfọṣọ, ó kọlu àgbá kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ń wí pé "jẹ́jẹ́", ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká jọ lórí ilẹ̀ mọ́tò, ṣùgbọ́n kò tẹ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùdánwò rí wa, ó mí kanlẹ̀. Ó wọlé sínú mọ́tò, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ra gírígírí, ó sì gbé ọwọ́ lé bíréèkì ọwọ́ kí wọ́n tó gbéra rárá. Èmi àti Tíṣà dúró síbi tá a máa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi wà á lọ, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Bó ṣe ń sún mọ́ àmì ìdúró, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wolẹ̀. Tíṣà ti fi gìgísẹ̀ ọ̀tún gbẹ́ ilẹ̀, ihò náà tó èyí tí wọ́n lè gbin nǹkan sí.

"Ẹ yọ ẹsẹ̀ yín," mo wí.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó dúró lórí ẹyọ kan, ó di apá mi mú. Mọ́tò dé ibi àmì, ó sì dúró. Ó dúró pátá, débi pé iwájú orí olùdánwò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, adìyẹ kan wà létí títì tí kò tíì pinnu, ó dúró dè é. Tíṣà sunkún. Ó ní eruku ni.

Nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé náà tán, ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ rẹ̀. "Sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́la kó má wulẹ̀ dà á láàmú," ó wí. "Rárá, kò sí nǹkan kan. Mò ń wakọ̀ ni. Wọ́n ní ká má máa tẹ fóònù tí a bá ń wakọ̀." Ó pa fóònù. Mọ́tò kò tíì kúrò lójú kan.

Èmi ti wọ ẹ̀yìn, lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mo na ẹsẹ̀ mi bó ṣe wù mí. Tíṣà dúró níta, ó ń fi ọwọ́ nu eruku tí kò sí lára ilẹ̀kùn. Ìkẹ́kọ̀ọ́ ti parí. Kò sí adìyẹ kankan tó kù tó lè fi dá a dúró.

"Tíṣà, ibo lẹ ń lọ?" ẹ̀gbọ́n mi bi í láti ojú fèrèsé.

"Ilé."

"Fèrèsé yín ńkọ́? Ṣé ó ti ní kọ́tìnnì?"

"Rárá o."

"Ẹ wọlé. Tépù ìwọ̀n mi wà nínú báàgì."

Ó wọlé, ó ká jọ, orúnkún kan àgbọ̀n. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó nà án sí mi bó ti ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi jíà sí i nígbà tí Tíṣà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin, ẹ má bínú. Ìjókòó yìí … ṣé mo lè fà á sẹ́yìn díẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kúrò lára jíà. Ìjókòó tirẹ̀ nìyẹn, ibi tó ti jókòó ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ìyàwó ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Mo ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí.

"Ẹ fà á dé ibi tó bá gbà yín," ó wí. "Ẹ ti ká jọ jù."

Tíṣà nawọ́ sábẹ́. Èyí kò pẹtà rárá. Ó sáré bọ̀ sẹ́yìn, ó sì gbá orúnkún mi méjèèjì pọ̀. Ó dùn mí dé ọpọlọ.

"Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́!" Tíṣà yíjú padà. "Ṣé kí n dá a padà díẹ̀?"

"Ẹ máa fà á bọ̀," mo wí, mo gbá bàtà rẹ̀ mọ́yà. "Mo ti fẹ̀yìn tì. Kí ni mo tún fẹ́ fi orúnkún ṣe?"